Bàbá Abidjan: Ìtàn Onígbọ̀wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Èjìgbò

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúró níwájú fèrèsé dígí ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, ní Victoria Island l'Ékòó, kò lè sá fún: ta ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ? Bó bá ti dáhùn tán, òmíràn a tẹ̀ lé e: kí ni ẹni náà jẹ́ sí ọ? Kò ṣòro fún ọmọ òṣìṣẹ́ olówó-oṣù láti dáhùn. Bàbá mi ni, ibi báyìí ló ti ń ṣiṣẹ́, iye báyìí ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ṣùgbọ́n ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Ìlàwó, Máṣifá, Ọ̀lá àti Ìwátà, ìbéèrè kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó lè wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò san án lè ti ṣèlérí níwájú gbogbo ẹbí. Ohun tó ṣòro ni láti ṣàlàyé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́: ọkùnrin kan tó ń tajà ní Abidjan, tí kì í ṣe òun ló bí ọmọ náà, tí ọmọ náà kò sì ní orúkọ mìíràn tó ń pè é ju "bàbá" lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, onígbọ̀wọ́, ti wà kí físà tó dé. Inú ọ̀rọ̀ gbèsè ló ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó láyé àtijọ́ ní láti mú ẹnì kan dání tí yóò dúró fún un, pé bí òun bá sá lọ, ẹni yẹn ni kí olówó wá bá. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Àńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà àti iṣẹ́ ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó sílé onígbèsè títí tí owó yóò fi jáde. Nínú gbogbo ètò yìí, wọn kì í béèrè bóyá onígbọ̀wọ́ ló bí ayáwó. Agboolé rẹ̀ ni wọ́n ń wò, àti bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dúró. Ẹ̀rí tó ní kò ju pé gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n.

Ìrìn àjò ló gbé irú onígbọ̀wọ́ yìí kúrò nílé. Èjìgbò wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ, ní ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn fúnra rẹ̀ sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Kòkó tó sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di olówó ní Iléṣà àti Oǹdó kò gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìhín. Nígbà tí ìjọba àmúnisìn wá gbé owó orí kalẹ̀, àgbẹ̀ tí iṣu kún abà rẹ̀ ṣì ní láti wá ṣílè tí yóò san. Ojú ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti rí i. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Igbóho ń gba ọ̀nà náà lọ sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọmọ Èjìgbò sì bá wọn lọ, wọ́n ń ta aṣọ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ láti ìlú dé ìlú.

Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti wọ ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Abidjan dé Bouaké ní 1912, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì dé Ouagadougou ní 1954. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń dúró ni ọjà ti ń gbèrú, ibi tí ọjà bá sì ti gbèrú ni wọn yóò ti rí ọmọ Yorùbá tó tẹ́ ọjà tirẹ̀ sílẹ̀. Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe fi Gánà ṣe ilé kejì ni Èjìgbò fi Côte d'Ivoire ṣe tirẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ ńlá máa ń gbéra tààrà láti Èjìgbò lọ sí Abidjan, á gba Sẹ̀mẹ̀, Kùtọnu, Lomé àti ilẹ̀ Gánà kọjá. Wọ́n ń ná owó séfà ní ọjà Èjìgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà, ọmọdé tó ń sọ Faransé ní ìgboro ìlú náà kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ilé tó bá ní ọmọkùnrin mẹ́ta kì í rán gbogbo wọn sí ibì kan náà. Ọ̀kan á bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ sí Abidjan, á máa gbé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sìn ín fún ọdún mélòó kan títí ọ̀gá yóò fi dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà àti owó díẹ̀. Èkejì á dúró ti oko. Ẹ̀kẹta, bóyá nítorí pé orí rẹ̀ pé sí ìwé, bóyá nítorí pé ó kéré jù láti rin ọ̀nà jíjìn, á lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó lọ sí ọjà ni yóò máa sanwó fún ẹni tó lọ sí ilé ìwé. Àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti òde máa ń pè é ní inú rere, ṣùgbọ́n gbèsè ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé òun náà ì bá kàwé bí kò bá jẹ́ pé òun ni àgbà. Ẹni tó ń kàwé mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n yìí yóò wá jókòó sí pálọ̀ òun, kò sì ní sí àyè láti sọ pé owó kò sí.

Wọ́n a sì máa ṣe é ní ìdàkejì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville tàbí Adjamé á padà sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò láti wá kàwé kó sì gbọ́ Yorùbá, bàbá rẹ̀ á máa fi owó ránṣẹ́. Òwe tó ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, ní ìṣirò nínú ní irú ilé bẹ́ẹ̀: ìyá àgbà ló ń fún un lóúnjẹ, àbúrò bàbá ló ń san owó ìdánwò, ẹni tó bí i wà ní ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sọdá ẹnubodè mẹ́rin kó tó dé.

Ọdún 1969 ló kọ́kọ́ fi ohun tí ìwé lè ṣe hàn wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà èwe wọn, tí wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn síbẹ̀, wá rí i pé kò sí abala ìwé kan lọ́wọ́ àwọn. Gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọjà kò wúlò mọ́. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Lára wọn ni àwọn tó padà wálé. Lára wọn sì ni àwọn tó yíjú sí Côte d'Ivoire, níbi tí Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ti ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ní ti ọmọ tí owó ilé ìwé rẹ̀ ń ti Kumasi tàbí Tamale wá, ọdún náà ni ó mọ̀ pé onígbọ̀wọ́ lè wà láàyè, kó ní ìlera, kó sì di ẹni tí kò lè gbọ̀wọ́ mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ìwé tún bá wọn dé Abidjan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba ibẹ̀ gbé káàdì ìgbélùú kalẹ̀ fún àjèjì, ó di 2007 kí wọ́n tó yọ ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó séfà sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: 50 séfà ló ń ra faranki Faransé kan lánàá, ó di 100. Ogun dé ní 2002, ìjà ìdìbò tún dé ní 2010 sí 2011. Síbẹ̀ ohun kan wà tí kò yẹ kó bọ́ lójú ẹni tó ń ka ìtàn yìí. Láti 1999 ni wọ́n ti so owó séfà mọ́ owó Yúrò, 655.957 sí Yúrò kan, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Náírà kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà tú iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó oṣù olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ní Èjìgbò di kékeré lójú ẹni tó ń ka owó ní dọ́là, ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àpótí oníṣòwò Abidjan kò mì. Àwọn òbí tí wọ́n lè san owó ilé ìwé ọmọ wọn ní òkè òkun ní 2010 kò lè san án mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tún padà sọ́wọ́ bàbá Abidjan nìyẹn.

Ní apá ibòmíràn ní Nàìjíríà, irú onígbọ̀wọ́ mìíràn ti dàgbà. Nnamdi Azikiwe wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní 1925 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó bàbá rẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ ìjọba. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní ọmọdé, ra kòkó tà, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ó jẹ gbèsè, kó tó lọ kọ́ òfin ní London ní 1944. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ibibio dá owó jọ, wọ́n rán ọ̀dọ́ mẹ́fà lọ sí òkè òkun ní 1938. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní London ní 1945 fi ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ṣe ara ète rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú owó kòkó. Gbogbo irú onígbọ̀wọ́ wọ̀nyí, yálà bàbá tó jẹ́ akọ̀wé, ẹgbẹ́ tó ní àkọ̀wé tàbí ìjọba fúnra rẹ̀, ló lè fi ìwé hàn.

Ẹ̀tàn náà tètè dé. Nwafor Orizu, tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, bọ́ sílé ẹjọ́ lórí owó akẹ́kọ̀ọ́; wọ́n dá a lẹ́bi ní 1953, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje. Ọkùnrin kan náà ló wà lórí àga ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà tí ológun gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Ẹni tó bá ń bínú pé àwọn aláwọ̀ funfun kò gba onígbọ̀wọ́ wa gbọ́ yẹ kó rántí pé àwa náà ti rí ìdí tí kò fi yẹ ká máa gba gbogbo wọn gbọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ní fèrèsé náà ní ìtàn tirẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1882 ni òfin Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tó bá jọ pé yóò di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Àwọn òtòṣì láti Yúróòpù ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, Ààrẹ Herbert Hoover ní kí àwọn aṣojú ní òkè òkun máa fi òfin náà ṣe gbọn-in gbọn-in láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìbúra onígbọ̀wọ́ ṣe di ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́. Àwọn Júù tó ń sá fún Hitler ní láti wá ìbátan ní Amẹ́ríkà tí yóò búra pé òun yóò gbọ́ bùkátà wọn, tí yóò sì fi ìwé báńkì àti ìwé owó orí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ìbátan náà bá jìnnà, bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ọ̀rẹ́ ẹbí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ físà kì í ka ìbúra rẹ̀ sí, nítorí wọn kò rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀pọ̀ ni kò rí físà gbà, àwọn kan nínú wọn kò sì ye ogun náà.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, òfin 1924 ló kọ́kọ́ fi wọ́n sí ọ̀tọ̀, òfin 1952 ló sì fi ìlànà tó wà títí dòní lélẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní ilé ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí kò ní kọ̀ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ físà yóò sì kà á sí ẹni tó fẹ́ lọ fìdí kalẹ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mú ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Owó ọdún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ti àwọn ọdún tó kù gbọ́dọ̀ ní orísun tó ṣeé gbà gbọ́. Ọdún 1952 yẹn kan náà ni William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti gbé ní ilẹ̀ Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí èsúsú jáde, tó fi ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń kó owó jọ, tí wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn láìsí báńkì láàárín. Kò dà bí ẹni pé àwọn tó ń kọ òfin ní Washington kà á.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà. Kó tó di 1962, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní 1986 ni ìjọba Margaret Thatcher sọ físà di dandan fún Nàìjíríà, Gánà, India, Pakistan àti Bangladesh. Ní 2009 ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀rọ̀ máàkì: owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan àti owó oúnjẹ òun ilé oṣù mẹ́sàn-án, kí gbogbo rẹ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìdín kọ́bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, owó oúnjẹ òun ilé nìkan jẹ́ pọ́n-ùn 1,136 lóṣù fún ẹni tí kò bá lọ sí London, èyí tó jẹ́ 10,224 fún oṣù mẹ́sàn-án. Bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ séfà nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó ilé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n iye owó kọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún Èjìgbò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹni tí owó náà lè wà lórúkọ rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, òbí rẹ̀, tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, bí kò bá sí ìwọ̀nyí, ìjọba, yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ ńlá. Òbí gbọ́dọ̀ fi ìwé ìbí ọmọ hàn, kó sì kọ lẹ́tà pé òun yọ̀ǹda owó náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò sí nínú àtòkọ yìí. Àbúrò ìyá kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti san owó ilé ìwé ọmọ láti kíláàsì kìíní, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kí ọmọ náà ní ọjọ́ ìgboyè, kò ju ẹni ẹ̀yìn òde lọ lójú ìwé náà, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá ti fi í ṣe alágbàtọ́. Ta ló sì ń lọ sí ilé ẹjọ́ ní Èjìgbò láti lọ gba àṣẹ tọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀?

Ọjọ́ 28 náà tún jẹ́ ìṣòro tí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù kò lè mọ̀. Owó oníṣòwò kì í sùn. Ó wọlé lónìí, ó di bébà aṣọ tàbí ẹ̀rọ tàbí páànù lọ́la, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló tún padà di owó. Bí bàbá Abidjan bá kó mílíọ̀nù mẹ́jọ séfà pamọ́ fún oṣù kan gbáko, ọjà oṣù náà ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Nítorí náà, bó bá tilẹ̀ ní owó náà ní ìlọ́po mẹ́ta, àkáǹtì rẹ̀ yóò máa kún, yóò máa gbẹ. Bó bá wá gba àjọ, tí owó ńlá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn tún burú sí i, nítorí owó òjijì ni òṣìṣẹ́ físà kọ́kọ́ máa ń fura sí. Iwájú alájọ ni ẹ̀rí tòótọ́ rẹ̀ wà, pé kò fo ìdá kan rí fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n òfin náà ń béèrè báńkì tó ní àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè kàn sí.

Ní ti ẹni tó lè ṣe onígbọ̀wọ́, ìlànà Amẹ́ríkà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òfin tó ní kí onígbọ̀wọ́ jẹ́ òbí. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́, gbogbo wọn lè buwọ́ lu ìwé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ìbéèrè àtijọ́ yẹn ti ń padà wá: kí ló dé tí ọkùnrin tó ní ọmọ méje tirẹ̀ yóò fi san irú owó báyìí lórí ọmọ ẹlòmíràn? Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Ìdáhùn sì wà fún un, ó wà nínú ìtàn ọmọkùnrin mẹ́ta tí bàbá kan pín sí ọjà, oko àti ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè sọ ní gbólóhùn méjì pé bàbá òun dúró ti oko kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè lọ sí Abidjan, pé owó yìí ni ìpín bàbá òun tó ń padà bọ̀, ti sọ ohun tó lè mú òṣìṣẹ́ físà gbé kálámù sílẹ̀ kó sì tẹ́tí. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣètò físà lójú pópó ti kọ́ wọn pé kí wọ́n sọ ohun tó rọrùn: bàbá mi ni.

Láti orí gbólóhùn yẹn ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ahọ́n Yorùbá, òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá, bàbá ni. Kò sí ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé tí yóò pè é ní nǹkan mìíràn lójú rẹ̀. Nígbà tó bá dé orí fọ́ọ̀mù, ó di irọ́. Irọ́ kan kì í sì í dúró ní òun nìkan. Ìwé ìbí gbọ́dọ̀ bá a mu, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sílé kò ní ìwé ìbí kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 69 ti ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun di dandan. Wọ́n á lọ búra ní kóòtù. Wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sí àyè bàbá. Bàbá tó bí ọmọ, tó wà láàyè, tó ń ro oko ní Ìlàwó, á parẹ́ kúrò nínú ìwé ọmọ rẹ̀. Bí àṣírí bá tú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà fún ọdún mẹ́wàá. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ títí ayé, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un. Ó sì dunni jù nígbà tó jẹ́ pé owó náà wà, pé ẹni tó ni ín kò jalè, pé òótọ́ inú ló fẹ́ san án.

Ọ̀nà tó bófin mu kò jìnnà tó bí àwọn aṣètò físà ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Abidjan lè fi owó náà ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, kó wà ní àkáǹtì bàbá tó bí ọmọ fún ọjọ́ 28, pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ ibi tó ti wá. Ó ń béèrè pé kí ẹ̀gbọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àbúrò pẹ̀lú owó ńlá fún oṣù kan, kó sì fara mọ́ ọn pé orúkọ òun kò ní hàn níbi kankan. Ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ní ilé tí ẹni tó sanwó ti máa ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ló san án. Jámánì ní tirẹ̀ yẹra fún gbogbo wàhálà yìí: 11,904 Yúrò fún ọdún kan, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2024, kí wọ́n fi í sínú àkáǹtì tí wọ́n tì pa, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Owó ti dé ilẹ̀ wọn kí ọmọ tó dé, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n bóyá bàbá ló fi síbẹ̀ ni tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọjà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbin mìíràn tún wà tí kò sẹ́ni tó rò ó tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé Faransé ni ó kọ orúkọ bàbá Abidjan sílẹ̀ nígbà tó gba ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀, bí etí Faransé sì ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ṣ di ch, u di ou. Báńkì tẹ̀ lé ìwé náà, ìwé owó orí tẹ̀ lé báńkì. Ká ní ọmọ kan láti agboolé kan ní Èjìgbò wá dúró ní fèrèsé dígí yẹn lónìí, tó sì pinnu láti sọ òótọ́, tó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, ọmọ ìyá kan náà, agboolé kan náà, orúkọ kan náà. Òṣìṣẹ́ físà yóò wo ìwé báńkì, yóò wo ìwé ìrìnnà ọmọ. Adechina ló wà lórí ọ̀kan. Adesina ló wà lórí èkejì.